Àmì Tí Wọn Ò Fi Sórí Orúkọ

Nínú ìwé ìṣírò bàbá mi, ẹlẹ́yìn pupa,
ibi tó ń kọ gbèsè kọfí àti owó oògùn kòkó sí,
ojú ewé tó kẹ́yìn ni mo ti bá a:
ASOGUN.
Ìlà kan sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó wọ́ bí ọ̀nà oko,
lẹ́yìn náà Jẹ́míyọ̀, bàbá bàbá bàbá bàbá mi.
Kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀.
Lẹ́tà mẹ́fà péré, wọ́n jókòó bí ààrò
tí wọ́n ti gbé ìkòkò kúrò lórí rẹ̀.

Bàbá mi kò fẹ́ràn àmì. Ó ní ẹni tó bá gbọ́ èdè
yóò mọ̀ ọ́n kà.
Bàbá, mo gbọ́ èdè. Mi ò mọ̀ ọ́n kà.

Aṣógun ni, tó kó ọ̀dọ́ lẹ́yìn lọ sójú ìjà?
Aṣọ́gun, tó ń sun orí àpáta Ogidi lóru,
tó ń wò ó bóyá iná yóò hàn níhà odò Ọya?
Àbí Asógun, ẹni tó sá,
tó gbé ẹ̀wù, tó gbàgbé ọmọ?

Mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọdún márùndínlógójì,
bí ẹni ń pín iṣu fún àlejò.
Ó já sí nǹkan bí ọdún 1785.
Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Yéyé Mojìrádé, ó wà nídìí òfì,
kò gbójú sókè.
"Bàbá rẹ fo ẹnìkan. Obìnrin ni.
Ìbídùn, àbí Ìbíyọ̀? Orúkọ ọ̀hún ti sọnù lẹ́nu mi.
Òun ló bí Jẹ́míyọ̀. Ẹ̀yin akọ̀wé,
ẹ ń ka ọkùnrin lé ọkùnrin bí ẹni pé irùngbọ̀n ló ń lóyún."
Òwú kan já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó so ó padà.

Ọdún márùndínlógójì mìíràn. 1750.
Àwọn ẹlẹ́ṣin Bídá kò tíì dé nígbà yẹn.
Kí ló wá ń sá fún?

Ìwé ìtẹ̀bọmi ìjọ wà nínú agolo bisikíìtì.
Alàgbà Ọ̀ṣánìyì fi ọ̀bẹ ṣí i, ó fẹ́ eruku kúrò. 1909.
"Jòsáyà ọmọ Jẹ́míyọ̀," ó kà, "Jẹ́míyọ̀ . . ."
Ó dákẹ́.
Ikán ti jẹ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Lẹ́yìn ihò náà: Asogun.
Mo fi rúlà ọmọ mi wọn ihò yẹn. Lẹ́tà mẹ́ta ló gbà.
Ọmọ jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta.
Ẹrú náà, mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Lọ́kọ́ja: "Kọ ọmọ síbẹ̀, jọ̀ọ́.
Ẹjọ́ ilẹ̀ wa ń bọ̀ ní kóòtù Kábà lóṣù tó ń bọ̀."
Mo ṣí ìwé tèmi, mo gbé pẹ́ńsù.
Mo kọ ọ̀, mo pa á rẹ́. Mo kọ ẹ, mo pa á rẹ́.
Ojú ibẹ̀ ti ń fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo gun àpáta. Afẹ́fẹ́, ìgbẹ́ ewúrẹ́,
àwọn kòtò kéékèèké tí ọlọ ìgbà kan gbẹ́ sínú òkúta.
Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan; omi òjò àná wà níbẹ̀, ó lọ́wọ́ọ́wọ́.
Ẹni tó lọ ọkà níhìn-ín, ṣé ó lọ ọ́ fún ara rẹ̀?
Mi ò mọ orúkọ tí ǹ bá fi pè é,
nítorí náà mo kí i bí a ṣe ń kí gbogbo ènìyàn nílẹ̀ wa,
onílé, àlejò, ẹni a bí, ẹni a rà:
Òkun o.
Mo dúró díẹ̀.
Mo sọ̀ kalẹ̀ kí òjò tó dé, mo ṣì ń ka ìka.